Kí ló ń dá omi pọ́ǹpù àdúgbò yìí padà sí kànga?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀. India Mark II tí ẹgbẹ́ wa ṣe sí àdúgbò kan n'Iléṣà ń dá omi padà. Bó bá sinmi wákàtí 1, ìgbà 15 la ó tẹ̀ ẹ́ kí omi tó jáde. Wákàtí 3, ìgbà 40. Tó bá sùn mọ́jú, 40 náà ni, kò lé. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n, á máa rùn bí irin tó dógùn-ún. A ti pààrọ̀ awọ sìlíńdà, ìyẹn awọ tó ń fa omi sókè nínú pọ́ǹpù, kò yí padà. Ṣé fáàfù ìsàlẹ̀, ìyẹn ìdérí tí kì í jẹ́ kí omi padà sísàlẹ̀, ló ń jò ni, àbí páìpù ló ti lu? Páìpù ni mo fura sí, torí 40 yẹn ò kúrò lójú kan, bíi pé ojú ihò ni omi ń sọ̀ kalẹ̀ dé tó fi ń dúró. Onímítà 3 ni àwọn páìpù náà, mẹ́wàá ló wà nínú kànga: báwo la ṣe lè mọ èyí tó lu ká tó fà wọ́n jáde? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípàdé. Ọ̀dọ́ méjì ládùúgbò á kọ́ ọ. Kílẹ̀ tó mọ́ làwọn ìyá ti ń to garawa síbẹ̀.