Ẹ̀tù dà? Ìbọn inú fíìmù kọ́bọ̀ì yìí dá ìjà sílẹ̀ nílé wa

Ọmọ Ọdẹ Tákíé:
Ẹ kú ilé o. Lálẹ́ àná, ìgbà tí iná dé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, mo gbé The Good, the Bad and the Ugly sí i fún bàbá mi. Ọdẹ ni wọ́n, ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n fi tọ́ wa. Tuco, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn inú ẹ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ó tú ìbọn bíi mélòó kan palẹ̀, ó ń yí i létí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Bàbá mi mi orí: “Eléyìí mọ̀ ọ́n.” Àfi bó ṣe ki kátíríìjì, ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú ẹ̀, bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n dá a dúró! “Ogun ọdún wo nìyí?” Mo ní ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni, 1862. “Àdó ẹ̀tù ẹ̀ wá dà?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé bàbá jàre?

Àgbà Ìsọ̀:
Wọ́n jàre, àbúrò. Ìbọn Colt ti 1851 ni wọ́n fi ṣe ìbọn Clint Eastwood, òṣèré inú fíìmù yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ki irú ẹ̀ nígbà ogun náà nìyí: ẹ̀tù àti ọta òjé láti iwájú, káàpù lẹ́yìn, bíi ṣakabùlà ilé yín gan-an. Kátíríìjì kúkú ti wà, Smith & Wesson ti ń ṣe ìbọn tó ń lò ó láti 1857. Àwọn ló gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ mọ́wọ́, ó di 1869 kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Adíjà Arówómọ́lẹ̀:
Ẹ jẹ́ ká gbádùn fíìmù jàre! Orin ẹ̀ nìkan tó mi.

Àgbà Ìsọ̀:
Ẹ fara balẹ̀, ó kù. Dáínámáìtì tí wọ́n fi wó afárá inú fíìmù yẹn ńkọ́? 1867 ni Alfred Nobel, ẹni tó ṣe é, gba ìwé àṣẹ ẹ̀. Ogun ti parí ní 1865. Sípéènì ni wọ́n sì ti ya ìran náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni afárá ọ̀hún wó. Ọ̀gá ṣọ́jà Sípéènì kan ṣi àmì gbọ́, ó ti fọ́n ọn ká kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ṣọ́jà ló tún un kọ́.

Ọmọ Ọdẹ Tákíé:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kà á fún wọn. Ti ẹ̀tù, wọ́n kàn wúkọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ṣọ́jà yẹn ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti bá ẹni tó ń yìnbọn kí ọ̀gá ọdẹ tó súfèé dẹ̀gbẹ́ rí, ẹtu ọjọ́ náà ṣì ń sáré. Wọ́n ti ní kí n tún ibi afárá gbé sí i.