CD-RW mi kò gbà kí n pa nǹkan rẹ́ mọ́: kí ló fà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo ní CD-RW kan tí mo ti ń kọ nǹkan sí, tí mo ń pa á rẹ́, tí mo tún ń kọ òmíràn sí i tipẹ́tipẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ṣì ń kà á, àmọ́ kò gbà kí n pa nǹkan kan rẹ́ mọ́. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo yí i síwájú sẹ́yìn: kò ní àpá, kò dọ̀tí.

Ohun tí mo mọ̀ rèé. Ìpele tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, àdàlù fàdákà, indium, antimony àti tellurium. Bí lésà bá mú un gbóná títí ó fi yọ́, tó sì tutù lójijì, ojú ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Bí ooru náà kò bá tó èyí tó ń yọ́ ọ, ojú ibẹ̀ á tún padà máa dán. Ìyẹn gan-an ni ìparẹ́. Ó wú mi lórí púpọ̀!

Wọ́n ní a lè pa nǹkan orí rẹ̀ rẹ́, ká sì tún kọ òmíràn sí i, ní bí ìgbà 1,000. Ṣé tèmi ti gbó nìyẹn, àbí lésà ẹ̀rọ mi ni kò lágbára tó mọ́, torí kíkà kò gba agbára púpọ̀ bíi ìparẹ́? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́, kí n tó sọ ọ́ nù?

Ó ku ọ̀kan: ẹ̀rọ orin mi àtijọ́ ń ka CD-R (èyí tí a kò lè pa nǹkan orí rẹ̀ rẹ́) dáadáa, kò sì rí CD-RW rárá. Ṣé torí pé CD-RW kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó CD-R ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.