Ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò wa: bí oníkálukú ṣe dí i láì náwó rẹpẹtẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò tó ti dàgbà á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀, ìrì á bo gíláàsì láti inú. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ á gba inú mọ́tò kan, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló da omi sílẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sókè. Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó. Irin abẹ́ fóòmù ti pupa, ó ń ṣí ní ìpele ìpele. Mo fi sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wọlé, mo sì ń wo títì láti inú mọ́tò.

Owó tí pánẹ́ẹ̀bítà kọ́kọ́ pè fún mi ṣeé fi wá mọ́tò míì. Bí mo ṣe wá ṣe é nìyí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Omi ni mo kọ́kọ́ wá, n kò tíì fọwọ́ kan ihò. Bí ẹ bá bu irin tuntun lẹ̀ tí omi ṣì ń wọlé, òun náà á jẹrà, ẹ ó sì tún sanwó. Mo ní kí àbúrò mi jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èmi wá ń rọ omi sára mọ́tò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ilẹ̀kùn lákọ̀ọ́kọ́, gíláàsì iwájú lẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn kọjá gbogbo ara ọkọ̀, kò sì ní mọ ibi tó ti wọlé gan-an. Ewé ló dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ wáípà. Omi kún ibẹ̀, ó wá ọ̀nà míì, ó ń kán sídìí ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo kó ewé kúrò, ó tán. Ti ẹlòmíì lè jẹ́ róbà gíláàsì tó ti gbó, ọ̀rá inú ilẹ̀kùn tó ti ya, ọ̀nà omi A/C tó dí, tàbí páìpù omi ti òrùlé tó ṣeé ṣí. Bí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń run bí ohun dídùn, kì í ṣe omi òjò o. Omi rédíétọ̀ ni, hítà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń jò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo padà lọ bá pánẹ́ẹ̀bítà. Mo bi í pé kí ló gbówó lórí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní jíjó irin gan-an (fífi iná lẹ irin mọ́ irin) kì í pẹ́. Títú síìtì, kíká kápẹ́ẹ̀tì, fífọ ìpáàrà àti dídá gbogbo rẹ̀ padà ló ń jẹ àkókò òun. Mo ní ó dáa, èmi ni màá tú u, èmi ni màá fọ̀ ọ́, èmi ni màá gé àbùlẹ̀; kó kàn wá jó o fún mi. Owó náà wálẹ̀ débi tí ọwọ́ mi ká a. Bí ẹ bá fẹ́ dín ìnáwó kù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín in.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síìtì, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Abẹ́ síìtì ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wáyà airbag (àpò tó ń wú nígbà ìjàǹbá) àti ti bẹ́líìtì ààbò ń gbà kọjá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sábà máa ń jẹ́ yẹ́lò. Ẹ má fi tẹ́sítà kàn án láé. Bọ́ọ̀tù síìtì tó ti dógùn-ún, ẹ ta epo sí i lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá fi ipá yí i, á kán sínú, wàhálà tuntun dé nìyẹn.

Lórí irin náà, àwọn tó ṣe mọ́tò lẹ ọ̀dà dúdú kan tó nípọn mọ́ ọn kí ariwo má bàa pọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpáàrà máa ń sá pamọ́ sí. Mo fi ooru rọ̀ ọ́, mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ họ ọ́ kúrò. Nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, kò sí èyí tó sú mi tó o. Ihò tí mo rí tẹ́lẹ̀ kò ju owó ẹyọ lọ, àmọ́ nígbà tí gíráńdà oníbọ́rọ́ọ̀ṣì kọjá lórí rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Irin tí ìpáàrà ti jẹ tinrín kò lè gba iná, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tó ń dán tó sì le.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò àlòkù tí wọ́n ti tú ni mo gé fi ṣe àbùlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́tò kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ ní nínípọn, irin 0.8 sí 1.2 ló bá a mu. Bó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní tẹ̀, iná tó lè yọ́ ọn á sì ti jó irin ògbólógbòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lu. Páálí ni mo kọ́kọ́ gé, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bá ilẹ̀ náà mu, kí n tó fi fa ìlà sórí irin. Páálí tó bá bàjẹ́ kì í dunni.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó kọ́kọ́ wo abẹ́ mọ́tò. Páìpù bíréèkì àti ti epo gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, ó tú ìdè wọn, ó fà wọ́n kúrò lójú iná. Kò jó o ní ìlà gígùn kan. Ó ń kàn án níbí, ó ń kàn án lọ́hùn-ún, ó ń jẹ́ kó tutù, kí irin má bàa wọ́. Èmi dúró tì í pẹ̀lú omi àti aṣọ tútù, torí ọ̀dà dúdú tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn máa ń gbiná.

Níbi kíkùn rẹ̀ ni n kò ti ṣahun. Pírámà oní-zinc (ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń dáàbò bo irin), sealer (ohun tó ń dí àlàfo) lójú ibi tí irin méjì ti pàdé, lókè àti nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀. Mo sá fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ pátápátá kí n tó dá wọn padà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ torí kò sẹ́ni tó ń jó irin nítòsí mi, n kò sì ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ríbẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń de irin mọ́ irin) àti gọ́ọ̀mù epoxy tí wọ́n fi ń lẹ ara mọ́tò ni mo lò. Àárín ilẹ̀ lẹ́yìn ni ihò tèmi wà, níbi tó tẹ́jú, tó jìnnà sí ìdí síìtì àti bẹ́líìtì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní dán an wò.

Àbùlẹ̀ náà kọjá etí ihò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 yíká. Mo ha ojú méjèèjì títí wọ́n fi ń dán, mo fi omi tó ń pa ọ̀rá nù wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, lẹ́yìn náà ni mo fi ríbẹ́ẹ̀tì dè é kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Gọ́ọ̀mù ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ríbẹ́ẹ̀tì kàn ń dì í mú ni. Ríbẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ rà. Ti alumíníọ̀mù rọrùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí alumíníọ̀mù àti irin bá fara kan ara wọn nínú ọ̀rinrin, pàápàá tí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù ló máa kọ́kọ́ jẹ. Ìdí kan náà ni kì í fi dáa kí ẹ fi páànù alumíníọ̀mù bu ilẹ̀ mọ́tò lẹ̀, bó ti wù kó rọrùn láti gé tó.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, kò tíì mira. Mo máa ń wo abẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

* * *

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, torí mọ́tò tí ẹlòmíì ti "tún ṣe" ni mo rà.

Ilẹ̀ dúdú, ó dán, mo ní ọkọ̀ yìí mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn tí ìrìn bá ti jìn. A rò pé ebi ni. Ìgbà tí mo fi mágínẹ́ẹ̀tì yí ilẹ̀ ká ni mo mọ̀: ibì kan á gbá a mú, ibòmíì á jẹ́ kó já bọ́. Fáíbà, tí kì í ṣe irin, ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi fóòmù tó ń wú dí inú rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Fóòmù yẹn gba omi sára, ó sì dì í mọ́ irin, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti jẹrà. Sálẹ́ńsà ń jò lábẹ́, èéfín sì ń gba àlàfo ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín mọ́tò, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ilẹ̀ mọ́tò yín bá ti lu, ẹ yẹ sálẹ́ńsà wò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì dí ihò náà kí ẹ tó tún kó èèyàn sínú rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù: ìpáàrà náà ti dé ibi tí bọ́ọ̀tù bẹ́líìtì ti wọ irin. Níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ fáíbà, kò sí ọ̀rọ̀ ríbẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gé e, wọ́n jó irin tuntun sí i. Mo san owó tí n kò gbèrò, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

* * *

Ẹ kú ìrírí o. Oògùn ìpáàrà ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn tó máa ń sọ ìpáàrà di dúdú? Ẹni tó ń tà á ní n kò nílò pánẹ́ẹ̀bítà mọ́.

* * *

Àbúrò, oògùn yẹn dáa, ẹni tó ń tà á ló sọ̀rọ̀ kọjá ààlà. Ásíìdì tannic tàbí phosphoric ló sábà wà nínú rẹ̀. Ó máa ń bá ìpáàrà ṣe pọ̀, á sọ ọ́ di ohun mìíràn tí kò ní tètè máa jẹ irin lọ. Ojú irin tó ṣì le, tí ìpáàrà kàn bò, ni kí o lò ó fún, lẹ́yìn tí o bá ti ha èyí tó ń ṣí kúrò. Kò lè dí ihò, kò sì lè dá irin tó ti jẹ tinrín padà sípò. Kùn ọ̀dà lé e lórí, má fi í sílẹ̀ lásán.

* * *

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà ni mò ń ṣe, mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ láti òkè. Ẹni àkọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa owó. Mọ́tò tí wọ́n bá tú wá fún mi, tó mọ́, n kò lè gba owó èyí tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì tútù.

Irin tí ẹ ń kó wá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ara fíríìjì àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ kò burú tí kò bá tinrín jù, àmọ́ ẹ ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò kí n tó fi iná sí i. Páànù tí wọ́n fi zinc bò, ẹ fi gíráńdà họ zinc náà kúrò lójú ibi tí iná máa dé. Ní nǹkan bíi 907°C ni zinc ti ń hó, irin kì í sì í yọ́ tí ooru kò bá tó nǹkan bíi 1,500°C. Kí irin tó yọ́, zinc á ti di èéfín sí wa nímú, òtútù á máa gbọ̀n wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Àgbá epo tí wọ́n dí lẹ́nu, ẹ má gbé e wá, n kò ní gé e. Afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù.

Ẹ tún máa ń dí ihò tí kò yẹ kí ẹ dí. Kì í ṣe gbogbo ihò ilẹ̀ mọ́tò ni ìpáàrà dá. Àwọn kan róbótó, etí wọn dán: òmíràn ní róbà ìdíhò, òmíràn wà fún omi láti jáde, pàápàá nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi sealer tàbí ọ̀dà dí ìwọ̀nyẹn, omi á dúró sínú irin, ìta á máa dán nígbà tí inú ń jẹrà. Bí mo bá jó irin tán, mo máa ń fún wáàsì tó ń dènà ìpáàrà sínú irin oníhò bẹ́ẹ̀, torí iná ti jó ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, bọ́rọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé ibẹ̀.

Ìwọ tó béèrè oògùn ìpáàrà, kó o tó rà á, gbé mọ́tò sórí ìdúró tó le (má gbára lé jáàkì nìkan o), kí o fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún bí irin tó le, oògùn lè tó o. Ibi tó bá dún bọ̀tọ̀, tàbí tí èérún ń já bọ́, fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Bí ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn bá ti kan ìdí síìtì, ìdí bẹ́líìtì, ibi tí wọ́n ń fi jáàkì sí tàbí irin tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró, pe ẹni tó ń jó irin. Bí kò bá kan ìkankan nínú wọn, ọ̀nà ríbẹ́ẹ̀tì ti ẹnì kejì yẹn á bá ẹ mu.