Ẹgbẹ́ àwa tí a ń ta gìtá kī hōʻalu ń tú lójú mi

Adéṣọlá béèrè:

Ẹ̀yin olólùfẹ́ gìtá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń bójú tó ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta gìtá ní ìlànà kī hōʻalu, èyí tí ó túmọ̀ sí dídẹ okùn ní èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii. Honolulu ni èmi ń gbé, àwọn yòókù sì wà káàkiri, ní Maui, ní California àti ní Jàpáàn, nítorí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń fojú kan ara wa ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a máa ń tó ọgbọ̀n. Ní oṣù tí ó kọjá, àwa mẹ́rin péré ni a jókòó tí a ń wo ojú ara wa, ẹnì kan nínú wa kò tilẹ̀ gbé gìtá lé itan.

Mo kọ́kọ́ rò pé aago ni ó ń dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago méje alẹ́ Sátidé bá lù ní Honolulu, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ó jẹ́ ní Tokyo, ẹni tí ó sì wà ní California kò tíì sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará California máa ń yí aago tiwọn síwájú sẹ́yìn lọ́dọọdún tí Hawaii kì í sì í yí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò pé bóyá ohun tí wọn yóò fi kọ́ orin ni kò tó. Mo wá kó ìwé tábù jọ, ìyẹn ìwé tí ó ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí ibi tí ìka yóò ti tẹ okùn, títí wọ́n fi lé ní igba. Mo to gbogbo wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń to okùn fún orin kọ̀ọ̀kan: ti ìtò okùn tí a ń pè ní taro patch wà lọ́tọ̀, ti wahine wà lọ́tọ̀, ti Mauna Loa náà wà lọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn dúpẹ́, wọ́n gbà á, wọn kò sì padà wá.

A gbìyànjú nígbà kan láti jọ ta orin pọ̀. Ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà kí ó tó dé etí ẹnì kejì, ẹnì kejì á fa ọwọ́ sẹ́yìn láti dúró dè é, ẹni àkọ́kọ́ náà á tún dúró de ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni orin náà yóò máa falẹ̀ títí tí yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìbéèrè mi ni èyí: ṣé kí n máa wá ènìyàn tuntun kún wa ni, àbí ohun kan wà tí a ń ṣe tí ó ń lé àwọn tí a ti ní lọ?

Àkànbí dáhùn:

Adéṣọlá, igba ìwé yẹn ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí ó bá ti gba tábù tán kò ní ìdí kan tí yóò fi jókòó tì ọ́ mọ́.

Wo bí orin yìí ṣe dé ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Ní ọdún 1793 ni ọ̀gákọ̀ kan tí ń jẹ́ George Vancouver kó màlúù dé Hawaii gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọba Kamehameha Kìíní, ọba sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n, títí wọ́n fi bí sí i tí wọ́n sì ń jẹ oko olóko. Ní àwọn ọdún 1830 ni a ránṣẹ́ pe àwọn darandaran tí ń gun ẹṣin láti ilẹ̀ Mẹ́síkò kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ màlúù. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n mú gìtá dání, àwọn darandaran Hawaii tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ni a sì ń pè ní paniolo títí di òní. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ ni pé nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò náà padà sílé, gìtá ṣẹ́ kù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tì í kò tó nǹkan. Àwọn ará Hawaii dẹ àwọn okùn kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí wọ́n fi bá ohùn orin tiwọn mu, wọ́n fi àtàǹpàkò gbá àwọn okùn tí ohùn wọn wà ní ìsàlẹ̀ bí ẹni ń rìn, wọ́n sì fi àwọn ìka yòókù ta orin lórí rẹ̀. Etí ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní òwe kan níbẹ̀ tí ó sọ pé kí ojú máa wò, kí etí máa gbọ́, kí ẹnu sì wà ní pípadé. Bí Ledward Kaapana ṣe kọ́ tirẹ̀ nìyẹn, ẹni tí a bí ní ọdún 1948, tí ó dàgbà ní Kalapana ní erékùṣù Hawaii, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti Fred Punahoa tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ní ọdún 1990, àpáta yíyọ́ tí ó tú jáde láti inú òkè Kīlauea bo Kalapana mọ́lẹ̀. Abúlé náà lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà gbọ́ níbẹ̀ ṣì ń jáde lára okùn gìtá rẹ̀.

Nítorí náà, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tábù yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ní ti ohùn tí ó ń pẹ́, má ṣe bá a jà. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ta, kí gbogbo àwọn yòókù pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiwọn, kí olúkúlùkù sì máa tẹ̀ lé e nínú yàrá rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ dé etí wọn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ó bá parí, kí ó sọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ó sì yan ẹni tí ó kàn. Àwọn ará Hawaii ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní kanikapila, mi ò sì rí ẹni tí ó lọ sí ọ̀kan nítorí tábù rí.

Mojísọ́lá dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì gbà pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ nígbà tí ẹ bá di ẹ̀bi ru ìwé. Àṣírí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orin yìí, kì í ṣe àkọsílẹ̀. Àwọn ìdílé ní ìtò okùn tiwọn tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ará ìta. Àwọn kan máa ń kọ ẹ̀yìn sí àlejò kí ó má baà rí ọwọ́ wọn, àwọn mìíràn á sì yí okùn wọn padà kí wọ́n tó gbé gìtá sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọ, ó ń gbé e lọ sí ibojì ni.

Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ni àwo orin àti ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1946 ni Gabby Pahinui, ọmọ Hawaii tí ń ta gìtá yìí, gba ohùn orin Hiʻilawe sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbọ́ ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri aládùúgbò láti inú àwo. Nígbà tí àwọn ọmọ Hawaii tún dìde gbé àṣà wọn lárugẹ ní àwọn ọdún 1970, Keola Beamer, tí òun náà ń ta gìtá yìí, kọ ìwé ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni George Winston, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ atẹdùùrù, gba ohùn gìtá àwọn àgbà bíi Ray Kane, Sonny Chillingworth àti Leonard Kwan sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì wà, tí ó sì jẹ́ kí a kọ ìtò okùn orin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tí ó bá àwo rìn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé àwọn ará Jàpáàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Adéṣọlá ìbá ti gbọ́ nípa rẹ̀ ká ní gbogbo ènìyàn ti kọ ẹ̀yìn síra wọn?

Ohun tí èmi rò pé ó ń ṣe ẹgbẹ́ yín, Adéṣọlá, ni pé ẹ ń ta gìtá, ẹ kì í kọrin. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ gìtá yìí ni láti gbe ohùn olórin àti ijó hula lẹ́sẹ̀; kò tíì pẹ́ rárá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Ẹ mú Hiʻilawe fúnra rẹ̀. Orúkọ omi tí ń ti orí òkè jábọ́ ní àfonífojì Waipiʻo ni, orin náà sì dá lórí ìfẹ́ tí àwọn aláròká ń sọ kiri, tí olórin fi àwọn tí ń sọ̀rọ̀ náà wé ẹyẹ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹni tí a ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ni ó ń kọrin yìí kò ní fi ìkánjú ta á. Òun yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó mí. Ohun tí àwọn ará Hawaii ń pè ní nahenahe, ohùn pẹ̀lẹ́ tí ó ń rọ etí, inú ọ̀rọ̀ orin ni mo ti rò pé ó ti ń wá, tábù kò sì ní àyè fún un.

Èdè náà pẹ̀lú ti jìyà. Ní ọdún 1896 ni a ṣe òfin tí ó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ilé-ìwé Hawaii, ó sì di ọdún 1978 kí òfin tó tún ka èdè Hawaii sí èdè ìjọba níbẹ̀. Àwọn àgbà kan wà tí orin nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ sì máa retí pé okùn nìkan yóò dá ènìyàn dúró.

Bísí dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti sá kúrò nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí sọ ìdí tí mo fi sá, nítorí kò sí ìdí kan nínú èyí tí ẹ kà tí ó jẹ́ tèmi.

Ní ìjókòó kan ṣoṣo, wọn a ta orin kan ní taro patch, wọn a bọ́ sí wahine, wọn a sì tún dẹ okùn tí ó nípọn jù lọ wálẹ̀ sí ohùn tí a ń pè ní C. Àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Èmi á ṣì máa yí kọ́kọ́rọ́ gìtá tí orin á ti dé ẹsẹ kejì. Nígbà tí mo bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ti dárúkọ ìtò mìíràn. Okùn tí mo ń lò fúyẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà bí mo bá dẹ̀ ẹ́ dé C, ṣe ni ó ń gbọ̀n tí ó ń fọwọ́ gbá irin ọrùn gìtá bí agolo, ojú sì ń tì mí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé okùn tí ó nípọn díẹ̀ ni mo nílò. Ẹnì kankan kò sọ fún mi.

Nígbà tí n kò wá mọ́, ẹnì kankan kò béèrè mi.

Àkànbí dáhùn:

Bísí, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, nítorí mo ti wà lára àwọn tí ń dárúkọ ìtò mìíràn yẹn.

Mojísọ́lá, mo gbà fún ọ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. N kò gbà pé kí a ṣí igba tábù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tábù kan fún orin kan, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti fi etí gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò lè bá a jà.

Ní ti wíwá ènìyàn tuntun tí Adéṣọlá béèrè: àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní ìsọ̀rí kan fún àwo orin Hawaii láti ọdún 2005 títí di 2011, àwo kī hōʻalu sì ni ó gba ti àkọ́kọ́. Àríyànjiyàn pọ̀ ní Hawaii nígbà náà pé àwo tí kò ní ohùn olórin ni àwọn tí ń dìbò ń fẹ́ràn, kí wọ́n tó wá pa ìsọ̀rí náà rẹ́ pátápátá. Àwọn tí òkìkí yẹn mú wá bá òkìkí náà lọ. Bí o bá kó ènìyàn ogún tuntun wọ inú yàrá tí Bísí ṣàpèjúwe, ogún Bísí ni wàá rí.

Adéṣọlá dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Bísí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ wo orúkọ àwọn tí kò wá mọ́. Mo ti pe mọ́kànlá nínú wọn láti àná. N kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà; mo kàn béèrè ohun tí wọ́n ń ta báyìí àti ẹni tí ó kọ́ wọn. Ẹni méje ni ó dáhùn. Ìyá kan ní Maui sọ fún mi pé orin tí bàbá òun máa ń ta ní ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn iṣẹ́ kò sí nínú ìwé tábù kankan tí mo fi ránṣẹ́ sí òun rí, ìdí nìyẹn tí òun fi rò pé irú tiwọn kọ́ ni a ń wá. Mo tọrọ àforíjì. Mo bi í bóyá yóò ta á fún wa, ó ní òun yóò rò ó, nítorí ti ìdílé ni, ó sì yẹ kí òun kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n òun. Bí wọ́n bá ní kí a má gbà á sílẹ̀, a kò ní gbà á sílẹ̀.

Ní ti èdè, Mojísọ́lá, n kò tó ẹni tí ń kọ́ni. Ọmọ Waimea kan wà láàárín wa tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa, tí a kò sì tíì jẹ́ kí ó sọ ju gbólóhùn méjì lọ láti ọdún mẹ́fà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá lórí gìtá. Òun ni yóò máa ka ọ̀rọ̀ orin fún wa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn.

Taro patch nìkan ni a ó lò títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Bísí, bí o bá fẹ́ wá, ọjọ́ Sátidé ni, aago méje alẹ́ ní Honolulu. Dẹ okùn kẹfà sí D, okùn karùn-ún sí G, okùn kìíní sí D, má sì fọwọ́ kan àwọn mẹ́ta tí ó kù. A kò ní bẹ̀rẹ̀ kí o tó yí i tán.