"Ìparadà" kọ́ o, "ìsọdi" ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ ní ká máa pe nǹkan tí JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò sáìtì, máa ń ṣe yẹn ("coercion" lédè Gẹ̀ẹ́sì), tó bá gba lẹ́tà, bíi "5" tó wà láàárín àmì àyọlò, tó sì lò ó bíi nọ́ńbà láìbi ẹnikẹ́ni, ní "ìparadà aládàáṣiṣẹ́" lédè Yorùbá. Ó dùn létí lóòótọ́ àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, ẹ má bínú.

Ohun tó bá para dà, òun fúnra ẹ̀ ló yíra padà, bí ọ̀gà tó ń pa àwọ̀ dà. "5" tibí yìí ò kúrò lójú kan, lẹ́tà ló ṣì jẹ́, bùráúsà ló lọ ṣe òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó fi ń ṣírò. Wọ́n sọ ọ́ di nọ́ńbà ni, kò sọra ẹ̀ di nǹkan kan.

Mo ṣe sáìtì kékeré kan fún àǹtí mi tó ń ta ẹja níbí l'Ẹ̀pẹ́, káwọn kọ́sítọ́mà lè ti ṣe ọ́dà sílẹ̀ kó tó lọ sọ́jà Olúwo láàárọ̀. Obìnrin kan tẹ 20, ó tún ní kí wọ́n fi 5 kún un, ló bá di 205. Àǹtí mi pè mí: "Ṣé ẹni yìí fẹ́ ṣèyàwó ni?" Àṣé gbogbo ohun téèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí fọ́ọ̀mù, bíi lẹ́tà ló ń wọlé, + sì rí lẹ́tà, ó so wọ́n pọ̀ dípò kó rò wọ́n pọ̀. Ká ní ṣe ló yọ 5 kúrò, 15 ni ì bá rí, torí − ò mọ̀ ju ìṣirò lọ. Yorùbá tiwa kẹ̀? So pọ̀ lọ́tọ̀, rò pọ̀ lọ́tọ̀ jàre.

Torí náà "ìsọdi àìbéèrè" ni mo fara mọ́, téèyàn bá wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ Number(), àṣẹ tó ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, ìyẹn "ìsọdi àmọ̀ọ́mọ̀ṣe". ==, àmì tó ń wò ó bóyá nǹkan méjì dọ́gba, ń ṣe ti àìbéèrè, ìdí nìyẹn tó fi ní 0 àti "" (ọ̀wọ́ lẹ́tà tó ṣófo) dọ́gba, === tí kì í sọ nǹkan kan di òmíì ò ní gbà. Ẹni tó dábàá "ìfipásọdi" ńkọ́, ta ni wọ́n fipá mú gan-an? 5 ò kúkú jà.

Àti pé ẹni tó ń pe ọ̀wọ́ lẹ́tà ("string" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "okùn", ẹ dákun. L'Ẹ̀pẹ́ níbí, okùn àwọ̀n la mọ̀.