Mọ́mì ti kúrò ní ICU: kí la fẹ́ fi mọ̀ pé agbára wọn ń padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ là ń gbé. Àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ ló gbé Mọ́mì wa, ẹni ọdún 62, dé ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn mí nígbà yẹn. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ti délé. Àbúrò mi ní ara wọn ń yá sí i, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Ọjà Ọba, kí wọ́n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, àfi kí wọ́n di nǹkan mú. Ọjọ́ tí dókítà dá fún wa ṣì jìnnà. Kí la lè fi díwọ̀n agbára wọn nílé?

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì o. Ẹ ra òṣùwọ̀n, kí wọ́n máa gùn ún láràárọ̀. Tí kílò bá ti ń lọ sókè, ara ń yá nìyẹn. Ẹja àti ẹ̀wà ò gbọ́dọ̀ wọ́n lẹ́nu wọn.

Físíò Ọ̀ndó:
Ẹja àti ẹ̀wà yẹn dára púpọ̀, Ìyá Ìbejì, torí iṣan ẹran ara ló joro lára Mọ́mì. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní ICU ni iṣan itan ti ń joro. Àmọ́ kílò lè tanni: omi lè dúró sí ẹsẹ̀, kílò á gòkè, iṣan ò sì tíì padà.

Àga ni kí ẹ lò. Kó jẹ́ èyí tí kò ní ọwọ́, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí Mọ́mì ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí wọ́n máa dìde dúró ṣánṣán, kí wọ́n tún jókòó, títí ìṣẹ́jú àáyá 30 á fi pé lórí fóònù yín. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n dìde, ẹ sì dúró tì wọ́n gbágbá. Obìnrin ọdún 60 sí 64 tí kò bá tó 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì lágbára tó. Ẹ má fi 12 dẹ́rù bà wọ́n o! Tó bá jẹ́ 3 lọ́sẹ̀ yìí, tó di 5 lọ́sẹ̀ mìíràn, ohun tí à ń wá nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àfi kí wọ́n fọwọ́ ti àga, òdo ni ẹ máa kọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye tí wọ́n fọwọ́ ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, àga kan náà, àkókò kan náà.

Bọ̀dá Aláàgbàká:
Èmi náà ti sùn ní ICU rí. Nọ́ńbà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń dá ṣe: ìwẹ̀, bọ́tìnnì, gèlè wíwé. Ìyàwó mi ló ń wọ bàtà fún mi, mo wá di Déjì nínú ilé ara mi, ẹsẹ̀ ò sì gbéra. Ẹ tún bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn. Àlá burúkú àti ìgbàgbé máa ń tẹ̀ lé ICU, ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Àga pálọ̀ wa rọ̀, ṣé ti ìdí tábìlì oúnjẹ ni ká lò? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ìka láti díwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ó sọ 97, kò pẹ́ ó ní 88.

Físíò Ọ̀ndó:
Ti ìdí tábìlì ni. Ní ti ẹ̀rọ ìka, ẹ wò ó bóyá làálì tàbí kútẹ́ẹ̀sì wà léèékánná, tàbí ọwọ́ tutù. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ títí nọ́ńbà á fi dúró sójú kan. Ẹ̀rọ yẹn lè sọ iye tó ju bó ṣe rí lọ lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà tó bá ń sọ 92 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ tún un wò, ẹ pe dókítà. Òòyì tàbí àyà dídùn bá dé nídìí àga, ẹ dá a dúró. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó ń ro wọ́n, ibà pẹ̀lú ìsọkúsọ, tàbí mímí tí kò jẹ́ kí wọ́n parí gbólóhùn: ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀:
Mo ní kí Bàbá Ìbejì ṣe ti àga yẹn lálẹ́ yìí. Ó ní àga ni kò ga tó.