Ọmọ tó dá wọ̀lú tí kò mọ ẹnì kankan: kí lojú tiyín rí?

Láti Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya. Àwa Yorùbá, tá a bá ti rí ọmọ tí kò lẹ́nìkan, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé "jẹ́ kó máa bá mi lọ sílé." Àánú ni, mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjà Kubwa la ti rí ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, barò ló fi ń kẹ́rù fáwọn oníbàárà. Ìtòsí Bamenda ní Kamẹrúùn ló ti wá, níbi tí rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 láàárín ìjọba àtàwọn agbègbè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti padà di ti ìbọn. Òun àtàwọn ará abúlé wọn ló jọ fẹsẹ̀ rin igbó já sí Kwande ní Benue. Ó ṣe díẹ̀ ní ibùdó àwọn ogúnléndé ní Ikyogen, kó tó bá ọkọ̀ oníṣu wọ Abuja.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní òun á mú un sílé, á máa bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù, òun á sì máa bọ́ ọ. Bọ̀dá kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ogúnléndé ló ní, "Ẹ rọra o, màmá." Ó ní ọmọ tí kò tíì pé 18 tó dá wọ̀lú, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ogúnléndé níbí l'Abuja tàbí UNHCR, ìyẹn àjọ ogúnléndé ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á bá ọmọ jókòó, wọ́n á wádìí bóyá ó ní ẹbí níbì kan, wọ́n á sì wò ó bóyá ilé tó fẹ́ gbà á dáa fún un. Tí ìyá rẹ̀ bá ń wá a kiri ní ibùdó Adagom ní Ogoja ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un pé inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Kubwa lọmọ rẹ̀ wà? Èmi á tún fi kún un pé ọmọ tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò lọ sílé ìwé, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ká má tanra wa.

Ohun tó dùn mí jù ni ìbéèrè. Bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì fún un ni wọ́n ń bi í: "Bàbá ẹ dà? Ṣé ìṣojú ẹ ni wọ́n ṣe jó ilé yín?" Ọmọ á kàn máa fi ṣíbí fa ìlà nínú ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu oúnjẹ fún un, kẹ́ ẹ sì gbẹ́nu dákẹ́. Ó ṣì máa sọ ọ́ fẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ti tó.

Tọkọtaya ará Ọ̀fà kan, tíṣà làwọn méjèèjì, ló padà gbà á sọ́dọ̀ ní Karu, lẹ́yìn tí àwọn àjọ náà ti yẹ ilé wọn wò. Gbogbo ọjọ́ ló ń lọ sílé ìwé wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi Mọ́ńdè. Á wẹ̀, á wọ yúnífọ́ọ̀mù, á wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní dìde. Màmá ilé rò pé ọ̀lẹ ni. Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn, Mọ́ńdè làwọn agbébọn fi ń ti gbogbo ìlú pa, "ghost town" ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, ọmọ kì í lọ sílé ìwé, ẹni tó bá jáde lè kàgbákò. Bàbá ilé kò jà. Mọ́ńdè-Mọ́ńdè ló ń sìn ín dé géètì, á sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi kọrin àsẹ́ńbìlì tán. Ó pẹ́ kó tó máa dá lọ o.

Láti Maiduguri

Ẹ ṣeun, màmá. Ọmọ tiwa náà sá lọ o. Láti Borno, àwọn kan dé Minawao ní Kamẹrúùn, àwọn míì dé Diffa ní Niger, àwọn kan nínú wọn láìsí òbí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì máa ń bá Red Cross yọ̀ǹda ara mi. Wọ́n ń bá èèyàn wá ẹbí tó sọnù, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n ń pè ní Red Cross Message: ìròyìn ẹbí nìkan la máa ń kọ sí i, kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ ogun tàbí òṣèlú. Ọmọbìnrin kan ní kí n bá òun kọ ọ́ sí ìyá òun. Mo rò pé ẹkún ló máa sun. Ó ní kí n béèrè bóyá ewúrẹ́ òun ti bí, àti pé kí wọ́n má tà á o.

Láti Lugbe

Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kì í yá. "Lọ, padà wá lọ́la" ṣáá ni. Ọmọ tébi ń pa kò lè máa dúró de fọ́ọ̀mù.

Láti Kubwa

Ta ló ní kó dúró? Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ fún un níbi tó máa sùn, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ lọ sọ fún wọn. Ẹ pe pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù àdúgbò mọ́ ọn, kó má dà bíi pé ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ pamọ́.

Láti Kaduna

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Croydon nílùú Lọ́ńdọ̀nù gba ọmọ Eritrea kan tó dá wọ̀lú sọ́dọ̀. Lọ́hùn-ún, ọrùn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ni ẹrù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òfin Children Act 1989, wọ́n sì ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Wàhálà tiwọn ni ọjọ́ orí. Ọmọ ní ọdún 16 lòun, wọ́n ní ojú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi lè kà á sí àgbà, àárín àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ni wọ́n máa gbé e lọ. Àbúrò mi bá a wá lọ́yà kíá.

Láti Kubwa

Nípa ilé ìwé: ọ̀gá ibi tá a kọ́kọ́ lọ ní àfi ká mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Ìwé tó jóná mọ́lé! Òfin UBE 2004 sọ pé gbogbo ọmọ ló yẹ kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ibòmíì gbà á, ó wà ní JSS 1 báyìí pẹ̀lú bó ṣe ga tó yẹn, torí ilé ìwé tọ́dọ̀ wọn ti wà ní títì fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò JSS 2 tọ́mọ rẹ̀ ti lò tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ fo kíláàsì.